Ewéko Tó Dí Ọ̀nà Omi Warri

Kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé Warri, omi ni àwọn Itsekiri, Ijaw àti Urhobo ń gbà ná ọjà. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń kó epo pupa lọ bá àwọn oníṣòwò òyìnbó. Nítorí àkóso òwò náà sì ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbógun ti Nana Olomu, oníṣòwò ńlá Itsekiri, ní ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní 1894. Ojú oró àti òṣíbàtà ti wà lójú omi wọ̀nyí tipẹ́, àwọn awakọ̀ sì mọ̀ wọ́n dunjú.

Àlejò ni èyí tó wá dí ọ̀nà náà. Water hyacinth ni wọ́n ń pè é, agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà sì ni orírun rẹ̀. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀ ló wu aráyé tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri fún ẹ̀ṣọ́ ọgbà: ẹwà ló bí wàhálà. Ní 1984, wọ́n rí i lójú omi Badagry, ó gba ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wọlé. Omi ló so Badagry mọ́ Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, títí lọ sí ìhà Warri. Kò sí ẹnubodè níbẹ̀. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Delta sílẹ̀ ní 1991, ó ti wọ àwọn odò ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́.

Bí èèyàn bá ya ìdí ewé rẹ̀, inú rẹ̀ rí fúlẹ́fúlẹ́, afẹ́fẹ́ ló kún un. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í rì. Gbòǹgbò dúdú ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Níbẹ̀ ni ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ ń sá pamọ́ sí, tó ń ṣọdẹ àwọn kòkòrò inú omi. Ìyá rẹ̀ a máa fi ẹyin sínú igi ewé. Bí ìṣàn bá já ewéko náà gbà, ó ń gbé ẹyin àti ọmọ lámilámi náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó di ilé fún lámilámi, ìyọnu ni fún apẹja: ó ń dí àwọ̀n, ó ń wé mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀.

Bí omi bá gbóná, tí ìdọ̀tí sì pọ̀ nínú rẹ̀, ewéko náà lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà òjò, omi tí kò níyọ̀ ń tì í lọ sísàlẹ̀ odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun tó wọlé ń pa á, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ń pẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ní 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò Neochetina, tó ń jẹ ewé rẹ̀, sí omi orílẹ̀-èdè Benin. Bí òkun ṣe ń ga sí i, iyọ̀ lè lé ewéko náà kúrò nítòsí ẹnu odò Forcados. Lókè odò, níbi tí iyọ̀ kò dé, ooru ń ràn án lọ́wọ́.