Sẹ́ẹ̀lì Tí Wọ́n Fún Ní Orúkọ Ẹlòmíràn

Ní ọdún 1810, James Macartney, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, kọ̀wé lórí ohun tó ń mú omi òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàn lóru. Ó rí nǹkan róbótó kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó kà á mọ́ jẹ́lífíìṣì, ó sì sọ ọ́ ní Medusa scintillans.

Ẹ má tíì bá a wí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo wo ló ń tóbi débi tí ojú lásán fi lè rí i, tó tún ní ọwọ́? Èyí lè fẹ̀ tó mìlímítà 2. Omi ló kún inú rẹ̀. Ọwọ́ kan yẹn ló fi ń kó oúnjẹ sẹ́nu, torí kò ní ohun aláwọ̀ ewé tí yóò fi máa se tirẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn kóró wínníwínní inú rẹ̀ ló ń tanná: bí ìgbì bá ti gbá a, wọ́n á kọ mànà.

Ní 1836, Suriray pè é ní Noctiluca miliaris. Orúkọ di méjì fún ọmọ kan! Kofoid àti Swezy ló yanjú rẹ̀ ní 1921, nínú ìwé wọn lórí àwọn dinoflagellate: wọ́n mú Noctiluca, wọ́n sì dá scintillans Macartney padà. Medusa nìkan ló lọ.