Àkísà Àgbà: Fáàfù àti Tíràǹsísítọ̀ Nínú Ohùn Gìtá

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí rẹ ọmọdé tó ń gbéraga sílẹ̀, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, kì í ṣe ọmọdé ni ó ń bá wí. Àkísà ni ó ń yìn. Aṣọ ṣeé rà. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo kó ẹ̀kún àpótí aṣọ bọ̀ láti ọjà Balógun. Ta ló ń ra àkísà? Ó di ìgbà tí aṣọ bá ti rí òógùn, òjò, oòrùn àti ọṣẹ fún ọdún gbọọrọ kí ó tó dé ipò yẹn. Àkísà kì í sì í ṣe ohun ìdànù nílé àgbà. Òun ni ìyá arúgbó fi ń ká òṣùká, òun la fi ń di ọgbẹ́, òun la fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. Aṣọ tuntun kò lè ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí àwọn onígìtá bá ti ki ọrùn bọ iyàn wọn àtayébáyé: nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí a ń pè ní áńpù, èwo ló dára jù, onífáàfù ni àbí onítíràǹsísítọ̀? Ẹni tó bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i pé ọmọdé ló láṣọ jù. Tíràǹsísítọ̀ fúyẹ́, kò wọ́n, kì í gbóná bẹ́ẹ̀, kì í tètè bàjẹ́, ohùn tó bá sì wọ inú rẹ̀ náà ni yóò jáde. Síbẹ̀, àgbà ni àwọn onígìtá ń wá kiri, tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà. Tèmi ni pé kì í ṣe aṣọ àgbà ni wọ́n ń wá. Àkísà rẹ̀ ni.

Kí ni fáàfù, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní túbù? Ìgò kékeré ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. John Ambrose Fleming ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná lè gbà kọjá nínú tirẹ̀. Ní 1906 ni Lee de Forest ní Amẹ́ríkà ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàrin irin méjì tó wà nínú ìgò náà, bí ẹni fi asẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Inú asẹ́ yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Bí irin kan bá gbóná, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a fò kúrò lára rẹ̀, wọ́n á máa sáré lọ bá irin kejì tí iná ńlá wà lára rẹ̀. Asẹ́ ló ṣe oníbodè wọn. Ìwọ̀nba iná kíún tó ti ara okùn gìtá wá ló ń pàṣẹ fún asẹ́ pé kí ó ṣí tàbí kí ó sé, ìṣàn ńlá a sì máa jó bí ìṣàn kékeré bá ṣe lu ìlù fún un. Ẹyọ fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní 12AX7 lè sọ ohùn di ìlọ́po tó lé ní 50.

Tíràǹsísítọ̀ dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní New Jersey. John Bardeen àti Walter Brattain ló ṣe é, William Shockley ni olórí wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Kò sí ìgò, kò sí irin tó ń pọ́n. Ẹyọ òkúta kékeré tó mọ bí a ti ń darí iná ni. Àwọn bàbá wa mọ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: rédíò oníbátìrì tí wọ́n ń gbé lé èjìká lọ sóko ni wọ́n ń pè ní tíràǹsísítọ̀.

Bí a kò bá ni méjèèjì lára, ìyàtọ̀ ohùn wọn kéré ju bí àwọn alárìíyànjiyàn ti ń sọ lọ. Ìgbà tí a bá bu ẹrù tó ju agbára wọn lọ lé wọn lórí ni ìwà kálukú ń hàn. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin méjì tó ga, tí wọ́n fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kúkurú wọlé. Fáàfù ti ń tẹríba díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dé àtẹ́rígbà. Tíràǹsísítọ̀ nàró ṣánṣán, ó ń yan bọ̀, àfi gbàà tí iwájú orí rẹ̀ fi kọlu igi. Àwọn ẹnjiníà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: wọ́n máa ń dá díẹ̀ nínú ohùn tó jáde padà sẹ́nu ọ̀nà láti fi tún àṣìṣe ṣe. Àtúnṣe yìí ló ń jẹ́ kí ohùn mọ́ gaara, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kí tíràǹsísítọ̀ mọ bí a ti ń tẹríba.

Kí ni etí ń gbọ́ nínú èyí? Okùn karùn-ún gìtá ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá ti gé orí ìgbì rẹ̀, ohùn mìíràn a bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára rẹ̀ bí ọmọ lára ìyá: 220, 330, 440, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ; bí a bá ka ìyá sí ìkíní, 220 ni ìkejì. 220 dà bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré jọ gbé orin kan náà. Etí kò kà á sí àlejò. Àwọn àbígbẹ̀yìn, ìkeje, ìkẹsàn-án àti àwọn tó tẹ̀lé wọn, ni wọ́n ń ta etí bí ìgbà tí a fi èékánná ha páànù. Ìgé tó rọra tẹ̀ kì í bí irú wọn púpọ̀. Ìgé tó mú bí abẹ ló ń bí wọn lọ súà. Àwọn òǹtajà a máa ní ohùn fáàfù “gbóná”. Ìgò ló gbóná o. Ohùn kàn ń tẹríba ni.

Ní oṣù Karùn-ún 1973, Russell Hamm, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sítúdíò Sear Sound ní New York, tẹ àbájáde ìwọ̀n tó ṣe jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ohùn. Áńpù kékeré tí máìkì ń wọ̀ ló yẹ̀ wò. Ó ní bí a kò bá kọjá ààlà wọn, ìwọ̀n kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Ohùn òjijì, irú èyí tí ìlù àti akọrin ń ṣe, ló ń tì wọ́n kọjá ààlà láìjẹ́ pé ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ mọ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ kejì ti ń lágbára nínú fáàfù, tí ọmọ kẹta sì ń jọba nínú tíràǹsísítọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onígìtá ti sọ ọ́ di ẹ̀sìn pé fáàfù ló ni 220, tíràǹsísítọ̀ ló ni 330. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nínú àwọn áńpù ńlá, fáàfù méjì tàbí mẹ́rin ló wà ní ìparí, tí apá kan ń tì tí apá kejì ń fà, ètò yìí gan-an sì máa ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ onídọ́gba (ìkejì, ìkẹrin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) rẹ́. Bí ìgé bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe pàtàkì ju bóyá ọmọ onídọ́gba ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fẹ́ àkísà yìí. Leo Fender ní Fullerton, ìpínlẹ̀ California, alátùn-únṣe rédíò ni, ohùn tó mọ́ ló ń lé. Jim Marshall, tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell ní London, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wo áńpù Bassman tí Fender ṣe, wọ́n sì fi fáàfù àti sípíkà tó wà ní àrọ́wọ́tó wọn ṣe tiwọn ní 1962. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó rà á ló yí kọ́bù tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè dópin. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìjàǹbá ti ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní Memphis ní 1951, wọ́n gbé áńpù tó ti bàjẹ́ wọ sítúdíò Sam Phillips, wọ́n ki ìwé bọ inú sípíkà rẹ̀, ohùn rẹ̀ tó ń hùn bí oyin sì wà nínú àwo “Rocket 88” títí dòní. Ní 1964, Dave Davies ti ẹgbẹ́ The Kinks fi abẹ ya sípíkà áńpù tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àkísà!

Èyí tó wù mí jù ni ti Nashville. Níbi tí wọ́n ti ń gba orin “Don’t Worry” ti Marty Robbins sílẹ̀, ojú ọ̀nà kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ ìpo-ohùn tí gìtá Grady Martin gbà kọjá, ohùn náà sì fà ya pẹ̀ẹ́rẹ́. Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orin náà sì lókìkí ní 1961. Nígbà tí àwọn mìíràn wá bèèrè irú ohùn yẹn, ẹnjiníà Glenn Snoddy kó tíràǹsísítọ̀ jọ, ó fi wọ́n ṣe àfarawé àbùkù náà sínú àpótí kékeré tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Òun ni wọ́n tà ní 1962 lórúkọ Maestro Fuzz-Tone. Ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí rán àkísà tirẹ̀. Jimi Hendrix tí gbogbo ayé ń fi júwe ohùn fáàfù, àpótí Fuzz Face onítíràǹsísítọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Ibanez ṣe àpótí kan tí wọ́n sọ ní Tube Screamer, ìyẹn ni pé túbù ń pariwo. Kò sí túbù kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí tíràǹsísítọ̀ gbìyànjú láti gba àyè áńpù lódindi, ó kọ́kọ́ ṣubú. Èyí tí ilé iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1966 kò pẹ́ tí wọ́n fi kó o kúrò lórí igbá. Ìgbà tó ṣíwọ́ àfarawé àgbà ló tó rọ́wọ́ mú. Roland ní Japan gbé JC-120 jáde ní 1975, sípíkà méjì, wáàtì 60 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àfàárọ̀pọn, James Hetfield ti ẹgbẹ́ Metallica pàápàá sì ti lò ó nígbà tó fẹ́ ohùn tí kò ya. B.B. King náà gbé Lab Series L5 káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, áńpù onítíràǹsísítọ̀ pọ́ńbélé. Ẹni tó bá ní tíràǹsísítọ̀ kò lè kọ blues, kí ó lọ gbọ́ ọ̀gá yẹn ná.

Nídìí ìgbohùnsílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún dojú rú. Tábìlì ìpo-ohùn onífáàfù ni wọ́n ń lò ní sítúdíò EMI ní London fún iṣẹ́ àwọn Beatles, kí TG12345 onítíràǹsísítọ̀ tó dé tí wọ́n fi ṣe àwo Abbey Road ní 1969. Ẹnjiníà wọn, Geoff Emerick, ráhùn pé ohùn tuntun náà ti rọ̀ jù, pé ìlù àti gìtá kò ta kíjí mọ́. Ẹ ò rí i pé òdìkejì ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nípa tíràǹsísítọ̀ ni! Ohùn rírọ̀ yẹn ló sì wà lára ohun tí àwọn olùfẹ́ àwo náà ń yìn títí di òní. Emerick kan náà ló tẹ̀lé Paul McCartney wá sí sítúdíò EMI ní Apapa ní 1973 láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀. Ní tiwa, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wọn: nígbà tí Àyìndé Bákàrè so gìtá jùjú mọ́ ẹ̀rọ ní 1949, tíràǹsísítọ̀ kò tíì pé ọdún méjì, kò sì tíì dé inú áńpù gìtá kankan. Fáàfù ló gbé ohùn yẹn.

Nísinsin yìí, àwọn ọmọ ọmọ ti dé. Ẹ̀rọ onídíjítà Kemper láti Jámánì, tó jáde ní 2011, a máa tẹ́tí sí áńpù onífáàfù, a sì ṣe àwòkọ bó ṣe ń ya. Fender náà ṣe Twin Reverb onídíjítà kan ní 2019: ojú kan náà, kílò 15 péré, nígbà tí onífáàfù tó nǹkan bíi kílò 29. Ó dà bí ṣòkòtò jíǹsì tí ilé iṣẹ́ ti ya lórúnkún kí ó tó dé ọjà. Àwọn baba tó pa òwe àkísà kò rí irú èyí rí, ó sì yẹ kí a gbà pé ọmọdé ti ń ra àkísà báyìí. Nínú àwo, èmi kì í lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nínú yàrá, tí áńpù bá wà lẹ́yìn mi tí ìka mi sì le mọ́ okùn, mo ṣì ń mọ̀ ọ́n.

Owó ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fáàfù gìtá kò pọ̀ mọ́ láyé: Saratov ní Rọ́ṣíà, Čadca ní Slovakia, àti Ṣáínà. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ́ sílẹ̀ ní 2022, fáàfù wọ́n, ó sì gbówó lórí. Níbi tí iná ti ń lọ sókè sódò bíi tiwa, kì í pẹ́ gbó. Nítorí náà, ìwọ tó ń fi gìtá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí o kò jẹ́ yí kọ́bù kọjá ìdajì láé, ra onítíràǹsísítọ̀, kí o fi owó tó kù ra okùn gìtá tó dára. Bí ó bá jẹ́ onífáàfù lo ní lọ́wọ́, tí ó bàjẹ́, gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Má tú u fúnra rẹ: iná tó lé ní fólítì 400 lè wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, ó sì lè pa ènìyàn.