Omi Ni Í Yan Kámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí a fi ń ya àwòrán lábẹ́ omi lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará etí òkun lásán létí ará Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú méjèèjì jìnnà sí òkun, lóòótọ́. Síbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ní odò Ọbà tí ìjọba sé fún omi ẹ̀rọ, Ọ̀yọ́ sì ní dáàmù Erelú, ẹja sì wà nínú wọn. Ìlú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n òkun àjèjì ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń fi hàn wọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan abẹ́ omi. Bí olùkọ́ kan bá wá fẹ́ fi owó díẹ̀ ra kámẹ́rà kékeré kan tí yóò fi ya omi tirẹ̀, èwo ni kí ó rà? Ìtàn ẹ̀rọ náà lè dá a lóhùn ju ẹni tí ń tà á lọ.

Ní ọdún 1856, William Thompson, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òpó sọ kámẹ́rà kan kalẹ̀ sínú òkun ní Weymouth. Òun fúnra rẹ̀ kò mòòkùn rárá. Omi wọ inú àpótí náà, síbẹ̀ àwòrán jáde. Ní ọdún 1893 ni Louis Boutan, onímọ̀ nípa ẹranko inú omi, gbé kámẹ́rà wọ òkun fúnra rẹ̀ ní Banyuls-sur-Mer ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà mìíràn, ó ní láti ṣí ojú kámẹ́rà náà sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí gbáko kí àwòrán kan ṣoṣo tó lè hàn.

Kí ni ó fa irú ìdádúró bẹ́ẹ̀? Omi a máa jẹ ìmọ́lẹ̀ ni. Kì í sì í jẹ gbogbo àwọ̀ bákan náà: pupa ni í kọ́kọ́ jẹ. Bí ẹnì kan bá ró aṣọ àlàárì wọ inú òkun, kí ó tó rì dé mítà 10, àlàárì náà yóò ti ṣú bí aṣọ tí a rẹ sínú aró. Kámẹ́rà tí ó wọ́n jù lọ kò lè dá ohun tí omi ti jẹ padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀ tòótọ́ ní láti sún mọ́ ohun tí ó ń yà, tàbí kí ó mú iná dání.

Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, Hans Hass, ará Austria, bá àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà Rolleiflex ṣe àpótí irin kan tí wọ́n ń pè ní Rolleimarin, èyí tí a ń ki kámẹ́rà náà bọ̀ kí omi má bàa kàn án. Irú Rolleiflex yìí kan náà ni Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí a sì ń pè ní Fátúmbí, gbé kọ́rùn nígbà tí ó ń ya àwòrán àwọn olùsìn Ṣàngó, ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. Lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà fúyẹ́. Nínú ẹ̀wù irin rẹ̀, ẹrù ni. Iṣẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni irú rẹ̀.

Jean de Wouters, ará Belgium, ni ó bọ́ ẹ̀wù irin náà dànù. Kámẹ́rà Calypso tí ó ṣe kò nílò àpótí kankan, ara rẹ̀ ni ó ń dènà omi. Nikon gba iṣẹ́ náà, ó sì sọ ọ́ ní Nikonos ní ọdún 1963. Ọdún 2001 ni wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Ní ti ẹni tí kò fẹ́ ju àwòrán ìgbádùn lọ, Minolta gbé Weathermatic jáde ní ọdún 1980. Àwọ̀ ìyeyè ni, kí ojú lè tètè rí i. Kò gbọdọ̀ kọjá mítà 5. Bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ṣe ni í léfòó. Ẹni tí nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí sínú odò ni yóò mọ iyì èyí.

Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a máa da omi odò Ọbà rú. Kí ni ẹni náà fẹ́ fi kámẹ́rà tí ó lè lọ mítà 40 ṣe níbi tí ojú kò ti ríran ju apá kan lọ? Owó tí ó sọnù ni. Iná kámẹ́rà pàápàá kò ní ṣe ju kí ó tàn mọ́ ẹrẹ̀ náà lára, kí àwòrán sì kún fún èérún funfun. Èyí tí ojú rẹ̀ gbòòrò, tí ó lè ya ohun tí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, tí a sì lè pa iná rẹ̀, ni ó yẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi máa ń mọ́ díẹ̀. Ìgbà náà gan-an sì ni eruku ọyẹ́ ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni eruku ni ọ̀tá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹnu ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ká. Irun orí kan ṣoṣo tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Inú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ ni kí a ti máa ṣí i, kì í ṣe ní etí odò.

Ní ti fóònù tí a ń fi sínú àpò rọ́bà, kí a kọ́kọ́ fi bébà gbígbẹ sínú àpò náà, kí a rì í sínú korobá omi di ọjọ́ kejì. Bí bébà náà bá tutù, fóònù náà ni ì bá ti bàjẹ́.

Omi mímu ni omi dáàmù, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ; mímòòkùn nínú omi tí kò mọ́ sì léwu gidigidi. Bí a bá gba àṣẹ, kámẹ́rà kékeré òde òní tí ó lè máa ya àwòrán fúnra rẹ̀, tí a dè mọ́ orí ọ̀pá ọparun, tí a sì sọ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ bí Thompson ti ṣe ní ọdún 1856, yóò rí ẹja inú Ọbà láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tutù.