Ojú Owó: Èdè Ìlera Lẹ́nu Ọlọ́jà Kétu

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀rọ̀ kan kiri. Ìdí àpótí ọsàn ní ọjà èso Kétu ni mo ti bá a.

Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi pé kí n kọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ọlọ́jà Kétu, Ìkòsì àti Mile 12. Ohun tó dá lé ni bí ara líle ṣe ń lé ìṣẹ́ jìnnà sí ìdílé. Iṣẹ́ náà ń lọ wẹ́rẹ́ títí mo fi kan ìnáwó tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi àjálù júwe, ìyẹn owó ìtọ́jú tó wúwo débi pé ìdílé ò lè gbé e kó má ṣubú. Òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni pé bí ìtọ́jú bá ti gbà ju náírà kan lọ nínú náírà mẹ́wàá tí ilé kan ń ná, ó ti dé ibẹ̀. Mo kọ “ìnáwó alájàálù”. Mo kà á sókè, ó dún bí ìgbà tí ilé alájà mẹ́ta bá wó.

Mo gba Kétu lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí èrò tó kún. Ìyá tí mo máa ń ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ ń to ọjà rẹ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin.

“Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọ igbá.”

“Àṣẹ o, bùọ̀dá mi. Ẹ wá ṣí ọjà fún mi.”

Mo rà. Mo wá bi í pé bí àìsàn bá gbowó lọ́wọ́ èèyàn títí igbá rẹ̀ fi dojú dé, kí ni wọ́n ń pè é? Kò tilẹ̀ rò ó.

“Ó ti jẹ ojú owó nìyẹn.”

Ọmọ rẹ̀ kejì ni táífọ́ọ̀dù gbé dè lọ́dún tó kọjá. “Èrè ni mo kọ́kọ́ fi ń ra oògùn. Nígbà tí kò tó mọ́, mo bu ojú owó. Ọmọ dìde o, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹrù rà mọ́. Àwìn ni mo wá ń gbà, ẹni tó ń kó ọsàn wá sì ń fowó lé e fún mi.” Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ọsàn kan. “Títí di ìsinsìnyí, ọjà ẹlòmíràn ni mò ń bá wọn tà.”

Ẹni tó bá ti pàtẹ rí mọ̀ pé èrè ni à ń jẹ, ojú owó kì í ṣe jíjẹ. Bó ti wù kí èrè kéré tó, ẹni tí ojú owó rẹ̀ pé, ọlọ́jà ni. Ọjọ́ tó bá bu ojú owó, ó ti di ẹni tó ń bá ẹlòmíràn tajà lórí àtẹ ara rẹ̀. Gbogbo bí àìsàn ṣe ń sọ ẹni tó ń rọ́wọ́ mú lọ sẹ́nu di tálákà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi oríṣiríṣi àtẹ ìṣirò ṣàlàyé, ó wà nínú ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Mo pa “alájàálù” rẹ́. Mo kọ “ìnáwó ajẹ-ojú-owó”. Àjálù máa ń ti òkè já lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ìtọ́jú ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, bí ikán.

Ẹ tún wo iṣẹ́ tí “jẹ” ń bá wa ṣe: a ń jèrè, a ń jẹ gbèsè, a ń jìyà, a sì ń jayé. Òun ló tún gbà mí níbòmíràn nínú ìwé náà. Ní 1993, ìwé ọdọọdún tí Báńkì Àgbáyé ń kọ lórí ìdàgbàsókè gbé òṣùwọ̀n tuntun kan jáde. Wọ́n ṣírò iye ọdún tí ikú gbà lọ́wọ́ èèyàn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọ́n fi iye ọdún tó fi wà láàyè nínú àìlera kún un. Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi gé orúkọ rẹ̀ kúrú, kò sì yé àwọn fúnra wọn láìjẹ́ pé wọ́n tú u. Mo kọ “ọdún tí àìsàn jẹ”. Mo sọ ọ́ létí ìyá ọlọ́sàn, ó ní kí ló tún ta kókó níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí a fi yangàn díẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọrọ̀ ajé gbà pé kí orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ lówó ná, ìlera á tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ìgbìmọ̀ kan tí Gro Harlem Brundtland, olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà náà, gbé kalẹ̀, tí Jeffrey Sachs sì jẹ́ alága rẹ̀, kọ ìwé ńlá láti fi hàn pé owó tí a bá ná sórí ìlera àwọn tálákà ń bí ọrọ̀. Òwe tí wọ́n ń kọ sára ògiri ilé ìwòsàn wa ti sọ ọ́ tán: ìlera loògùn ọrọ̀.

Ṣùgbọ́n kí atúmọ̀ èdè má tètè jó. Oògùn ibà ń lé ibà lọ, oògùn ọrọ̀ ń fa ọrọ̀ wá, bí a ṣe hun àwọn méjèèjì kò sì yàtọ̀. Nínú òwe, ẹnikẹ́ni kì í ṣì í gbọ́. Nínú ìwé ìlera, ó lè pààyàn. Bí mo bá kọ “oògùn oyún”, ṣé èyí tó ń múni lóyún ni, àbí èyí tó ń tọ́jú oyún, àbí èyí tó ń ba oyún jẹ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun tí èèyàn máa gbé mì, mo fara mọ́ gbólóhùn gígùn.

Ìṣẹ́ náà ní tirẹ̀. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn “mímú àdínkù bá òṣì”. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́jà kankan. Lẹ́nu wa, ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ni, bí ebi ṣe ń pani, tí òùngbẹ ń gbẹni. Òun ni olùṣe, àwa ni ó ń ṣe é sí. Ohun tó bá sì dé bá èèyàn báyìí, lílé là ń lé e, tàbí ká bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé pélébé náà, “bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́” ni mo lò láti òkè délẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí orúkọ rere ṣe ń rí, ẹ wo onígbáméjì, orúkọ tí a ń pe kọ́lẹ́rà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí kọ́lẹ́rà jà l'Ékòó, Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Kétu wà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ, pẹ̀lú Ẹtí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó àti Ìkòròdú. Àwọn tó bá aláìsàn gbé ló sọ àrùn náà lórúkọ: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́ gbuuru. Àmì àrùn wà nínú orúkọ náà, ìtọ́jú sì fara pamọ́ síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí igbá méjì mọ̀ pé omi ló ń tán lára aláìsàn, àti pé omi ni a gbọ́dọ̀ tètè dá padà. (Ní ti Kòsọ́fẹ́, mi ò mọ̀ bóyá etí mi nìkan ló ń gbọ́ “kò sí ọ̀fẹ́” nínú rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá mú owó lọ sí ilé ìwòsàn.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni adójútòfò. Ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 nínú 100 náírà tí a ń ná sórí ìlera tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣètò pé kí a jọ san díẹ̀díẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ní 2007, owó láti ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, nípasẹ̀ àjọ PharmAccess àti iléeṣẹ́ adójútòfò Hygeia, láàárín àwọn obìnrin ọjà l'Ékòó àti àwọn àgbẹ̀ ní Kwara. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tirẹ̀ ní 2015, wọ́n ṣí ètò náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018: nígbà náà, 8,500 náírà ni lọ́dún fún ẹnì kan, 40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Sanwó-Olú pàṣẹ pé kó di dandan.

Mo sọ “adójútòfò ìlera” fún ìyá náà. Ó mi orí.

“Òfò? Láàárọ̀ kùtùkùtù? Ẹ fẹ́ kí n máa sanwó òfò?”

Ọ̀rọ̀ tó ń dún bí “dójú tì”, tó tún gbé òfò sídìí, kò lè tajà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàdúrà kí ajé wọ igbá. Ó jọ pé àwọn ìjọba náà mọ̀. Èkó pe tirẹ̀ ní Ìlera Èkó, Ògùn pe tirẹ̀ ní Araya, Èkìtì lo ẹ̀ka èdè tirẹ̀, ó ní Ùlera wa. Ṣáájú wọn, nígbà tí Mímíkò, dókítà tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aláboyún ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀ ní 2009, Abiyè ló sọ ọ́. Kò sí ọ̀kan tó gbé òfò sórí pátákó.

“Àjọ ìlera” ńkọ́? Ó dùn létí, irọ́ ni. Ìbéèrè tí ìyá náà bi mí nìyí: “Bí mi ò bá ṣàìsàn, wọ́n á kó owó mi fún mi lópin ọdún?” Alájọ máa ń kó o, ó kàn ń yọ ti ọjọ́ kan ni. Nínú èsúsú, ohun tí mo dá ni mo máa kó. Nínú àáró, ọjọ́ tí mo bá ọ ro oko ni ìwọ náà máa bá mi ro. Ọ̀wẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ ló ń bẹ ọ̀wẹ̀, ẹni tó wá kì í sì í ka iye ebè tí òun kọ. Ó lè jẹ́ pé òun ò ní bẹ ọ̀wẹ̀ láyé òun. Mo ṣàlàyé rẹ̀ báyìí, ó sì mi orí lọ́nà mìíràn. “Ọ̀wẹ̀ ìlera. Ìyẹn yé mi. Ẹni tó já lù ló ń jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣì há mi lọ́fun: owó ọdọọdún yẹn. Àsansílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè é. Ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọmọ wọ ilé ìwòsàn lóru, kí dókítà tó yọjú. Kí n fi orúkọ ẹ̀gún pe ohun tó fẹ́ yọ ẹ̀gún? “Owó ọ̀wẹ̀” kò bójú mu, oúnjẹ ni ọ̀wẹ̀ ń gbà. “Ìdáwó” ń dún bí aṣọ ẹbí. Àlàfo kan wà ní ojú ewé kẹta ìwé náà báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ ní Kétu àti níbi gbogbo, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó kún un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi.