Ta Ni Wọ́n Gbà Kó Jókòó Jẹun ní New Orleans?

Bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí New Orleans, ìlú ńlá tí ó wà létí odò Mississippi ní gúúsù Amẹ́ríkà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ẹni tó ti débẹ̀ rí ni pé, "Níbo ni wọ́n ti ń jẹun níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ìlú olóúnjẹ ni, ìlú onílù àti onífèrè ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa mọ̀ pé fún ọdún gbọọrọ, òfin ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí fún aláwọ̀ dúdú, kì í ṣe owó tó wà lápò rẹ̀.

Àwọn Faransé ni ó tẹ ìlú náà dó ní 1718. Ní 1719 ni ọkọ̀ ojú omi kọ́kọ́ kó ẹrú dé agbègbè náà tààrà láti Áfíríkà. Wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ pé kí wọ́n wá àwọn tí ó mọ bí a ti ń gbin ìrẹsì, kí wọ́n sì gbé irúgbìn rẹ̀ dání. Láyé àwọn Faransé yìí, agbègbè Senegal àti Gambia ni wọ́n ti kó púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹrú náà. Ìsìláàmù ti wọ ilẹ̀ yẹn tipẹ́, nítorí náà àwọn Mùsùlùmí wà láàrin wọn. Ẹ tilẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, ìmọ̀ orí rẹ̀ ni wọ́n tún ń wá.

Ọbẹ̀ tí ó sọ ìlú náà di olókìkí ni gumbo. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni orúkọ yìí ti wá, ilá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi ilá mú un ki, tàbí lúbúlúbú ewé tí àwọn Choctaw, ọmọ onílẹ̀, kọ́ wọn láti lò. Edé àti akàn a máa wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì bù ú sórí ìrẹsì. Ìyá tó bá mọ ilá alásèpọ̀ sè kò ní ṣàjèjì sí i. (Mùsùlùmí tó bá débẹ̀, kí ó bi alásè dáadáa, nítorí wọ́n a máa ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bọ ìkòkò náà.)

Lójú pópó, àwọn obìnrin dúdú ń kiri calas, ìyẹn ìrẹsì sísè tí wọ́n pò mọ́ ẹyin àti ṣúgà, tí wọ́n sì dín. Ó súnmọ́ wáínà tí a mọ̀ ní Ìlọrin. Nígbà tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Spain lẹ́yìn 1763, òfin wọn gbà kí ẹrú ra ara rẹ̀ padà, àwọn kan sì fi èrè ọjà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ìlú náà ti di ti Amẹ́ríkà ní 1803, Rose Nicaud, tí òun náà jẹ́ ẹrú, fi owó kọfí tí ó ń tà ra òmìnira rẹ̀. Café du Monde tí àlejò ń wọ́ lọ láti mu kọfí, 1862 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ṣáájú rẹ̀.

Oko ẹrú parí ní 1865, ṣùgbọ́n ìyà kò parí. Ní 7 Okúdù 1892, Homer Plessy, aránbàtà ọmọ New Orleans, jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n mú un. Ní 1896, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìyàsọ́tọ̀ kò lòdì sí òfin. Láti ìgbà náà, obìnrin dúdú lè dúró nídìí ààrò láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ó má lè jókòó nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹ ohun tí ó sè. Ní ilé kéú wa, abọ́ kan náà ni a ń bu oúnjẹ sàráà sí fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára.

Ní 1941 ni ìdílé Chase ṣí ilé oúnjẹ Dooky Chase ní àdúgbò Tremé. Ní 1946, Leah fẹ́ ọmọ wọn. Leah ti gbé oúnjẹ fún àwọn aláwọ̀ funfun rí nínú ilé oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó sí. Nígbà tí ó dé ilé ọkọ, ó ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì fún àwọn èèyàn tirẹ̀ náà. Nínú yàrá òkè ilé náà ni dúdú àti funfun ti ń jọ jẹun, tí wọ́n sì ń gbèrò bí ìyàsọ́tọ̀ yóò ṣe dópin, nígbà tí irú àpéjẹ bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin.

Ní 17 Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1960, ọ̀dọ́ mẹ́rin jókòó síbi tí wọ́n ti ń jẹun nínú ilé ìtajà McCrory ní òpópónà Canal: Rudy Lombard, Oretha Castle, Cecil Carter àti Lanny Goldfinch. Funfun ni Goldfinch, dúdú ni àwọn mẹ́ta yòókù. Wọn kò fọ́ àwo, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ni wọ́n ní kí wọ́n gbé wá. Àwọn ọlọ́pàá kó wọn, ilé ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi. Ní 1962, àwọn ilé ìtajà Canal gbà kí dúdú jókòó jẹun. Ní 1963, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ẹ̀bi wọn. Òfin 1964 wá ṣí ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ káàkiri Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ìjì Katrina jà ní 2005, omi bo nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà, ó sì wọ Dooky Chase. Ìyá Leah ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé inú ilé alágbèéká ní iwájú ilé oúnjẹ náà títí wọ́n fi tún un ṣí ní 2007. Ní 2008, Barack Obama, tí ó ń du ipò ààrẹ, wá jẹ gumbo níbẹ̀. Kí ó tó tọ́ ọ wò rárá ni ó ti da ata sí i. Ìyá Leah bá a wí pé a kì í da ata sí ọbẹ̀ òun. Nígbà tí ìyá náà kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 96, ìtàn ata yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ.