Ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni ò rí: bí áàpù ṣe ń darí àwọn awakọ̀ Uber àti Bolt l'Ékòó

Ẹ pe ọkọ̀ láti Ìkẹjà, Lẹ́kí lẹ ń lọ. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan, dẹ́rẹ́bà ti pè yín: "Ẹ káàárọ̀ mà, ibo lẹ ń lọ? Ṣé káàṣì ni àbí káàdì?" Ẹ dá a lóhùn tán, ló bá já yín sílẹ̀. Inú bí yín, ẹ ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìpè yẹn nídìí, inú áàpù sì ni ìdí ọ̀hún wà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní algorithm kò ju ìlànà tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà lọ: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún. Nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ orí fóònù, òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń dá owó lé ìrìnàjò, òun ló ń yọ kọmíṣọ̀n, òun náà ló ń lé èèyàn dànù. Dẹ́rẹ́bà dánfó mọ ẹni tó ni ọkọ̀, ó mọ iye tó máa san fún un lálẹ́. Bí ọjọ́ bá burú, ó lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ta ni awakọ̀ orí áàpù máa lọ bẹ̀?

Uber dé Èkó ní 2014. Taxify, tó ti di Bolt báyìí, tẹ̀ lé e ní 2016, inDrive wọlé ní 2019. Wọ́n sọ fáwọn awakọ̀ pé ọ̀gá ara wọn ni wọ́n. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń yan aago tí wọ́n máa jí fún wọn. Àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń wọlé. Fóònù á dún, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni awakọ̀ ní láti gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í mọ ibi tí èrò ń lọ títí èrò á fi wọlé sọ́kọ̀. Bó bá ń kọ̀ jù, áàpù ń kà á sí i lọ́rùn. Bí èrò bá fi káàdì sanwó, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ lowó ọ̀hún kọ́kọ́ ń lọ, bẹ́ẹ̀ òní ló fẹ́ ra epo. Bó bá jẹ́ káàṣì, kọmíṣọ̀n á di gbèsè sí i lọ́rùn, bí gbèsè bá sì pọ̀, áàpù á tì í pa títí yóò fi san án. Ìdí ìpè yẹn nìyẹn.

Ìràwọ̀ ńkọ́? Èrò tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland ti mú orí ẹ̀ gbóná á fún awakọ̀ ní ìràwọ̀ méjì, bíi pé òun ló kọ́ afárá. Bí ìràwọ̀ bá ń já wálẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Èmi àtẹ̀yin la wá di alábòójútó tí wọn ò sanwó fún.

Ní 2017, Uber gé owó ọkọ̀ l'Ékòó wálẹ̀ ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 25 tó ń yọ lórí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ò yí padà. Kí làwọn awakọ̀ kan ṣe? Wọ́n gbé áàpù kan tó ń jẹ́ Lockito sórí fóònù. Lockito á máa purọ́ fún Uber pé ọkọ̀ gba ọ̀nà tó jìn ju èyí tó gbà lọ, owó èrò á sì lé sí i. Olè ni, mi ò ní pè é lórúkọ míì. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ẹni tó ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ò rí ẹni bá dúnàádúrà, ẹ̀rọ nìkan ló rí tàn jẹ.

Àwọn míì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní Ìlú Ọba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 2021 pé òṣìṣẹ́ làwọn awakọ̀ Uber tó pẹjọ́. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin gbà, àti ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Ọ̀kan lára ohun táwọn adájọ́ wò ni pé bí awakọ̀ bá ń kọ iṣẹ́ jù, áàpù ń tì í síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kẹrin 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Amsterdam náà sọ nípa àwọn awakọ̀ kan tí Uber lé pé ẹ̀rọ ló dájọ́ wọn, ọwọ́ èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

L'Ékòó níbí, National Industrial Court da irú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ yìí nù ní 2018 torí ẹ̀rí ò tó. Ibo lawakọ̀ ti fẹ́ rí ẹ̀rí, nígbà tó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà? Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ gba AUATWON, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ orí áàpù, wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí owó epo fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà.

Oṣù Kẹfà yẹn kan náà ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, Nigeria Data Protection Act. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí. Abala 37 rẹ̀ sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ kí ẹ̀rọ nìkan má dá irú ẹjọ́ tó lè pa á lára báyìí fún un. Àyè ìmúkúrò wà, bíi tí àdéhùn iṣẹ́ bá béèrè fún un, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ó lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ òun wò, kó sọ tẹnu ẹ̀, kó sì ta ko ìdájọ́ náà. Nítorí náà, ẹni tí áàpù bá tì pa, kó kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ sí i, kó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà, kó dárúkọ abala 37 yẹn. Bí wọn ò bá dáhùn, Nigeria Data Protection Commission ló kàn láti kọ̀wé ẹ̀sùn sí.