Ṣé Ẹ Wá Fi Lọ̀ Wá Ni, Àbí Ẹ Wá Sọ Fún Wa?

Ìyá kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí, ní ìpàdé tí wọ́n pè lórí ààtàn kan tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ lójú sí i. Èmi ni ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń fi Yorùbá gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ti pe ìjókòó náà ní "ìpàdé ìlanilọ́yẹ" lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá náà tó nawọ́ sókè láti orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ wá fi lọ̀ wá ni, àbí ẹ wá sọ fún wa?" Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èmi ni n kò lè dáhùn, torí ọ̀rọ̀ tí mo lò ti bá mi dáhùn tán. Ẹni tí kò mọ nǹkan là ń là lọ́yẹ. Nígbà tí mo ti pe àwọn èèyàn náà ní aláìmọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sọ?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tún àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fi lọ̀" tí ìyá náà sọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ ẹbí gbọ́dọ̀ fi lọ ẹbí. Ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ lè ní òun yóò rò ó wò, ó sì lè ní kò ṣeé ṣe. A kì í fi ohun tí a ti ṣe tán lọ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ti di ìròyìn. Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ náà nìyẹn. Lẹ́yìn tí àṣírí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí ìlú Kókó tú ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí yóò máa bójú tó àyíká sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Nígbà tó di 1992, Òfin 86 jáde. Ó ní kí àjọ náà tó ṣèpinnu lórí iṣẹ́ ńlá tó lè ba àyíká jẹ́, ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ rí àyè sọ tẹnu wọn. Inú "kí ó tó ṣèpinnu" yẹn ni gbogbo agbára òfin náà wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìfọ̀rọ̀lọ̀ ará ìlú báyìí. Ògbufọ̀ tó bá pè é ní ìlanilọ́yẹ tàbí ìfitónilétí ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Ààtàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tí àgbàlagbà ń rí bó bá gbọ́ ọ kọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé ẹnjiníà. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n mọ̀, eérú, ewé àti èèpo iṣu ló wà níbẹ̀. Ata àti ìbẹ́pẹ hù lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, àgbẹ̀ a sì bu ilẹ̀ rẹ̀ lọ sóko. Ààtàn òde òní kún fún ọ̀rá, bátìrì àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Olúṣòsùn ní Òjótà, tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dalẹ̀ sí ní 1992, fẹ̀ tó hẹ́kítà 42. Ẹ̀yìn ìlú ló wà nígbà yẹn. Ilé ti yí i ká báyìí.

Àwọn ìwé kan fẹ́ kí a máa pe irú ibẹ̀ ní "ibùdó ìṣàkóso pàǹtí". N kò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti tẹ́ amọ̀ àti ọ̀rá tó nípọn sí ìdí kòtò, tí páìpù wà lábẹ́ tó ń gba omi ìdọ̀tí jọ, tí wọ́n sì ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó lójoojúmọ́, mo gbà pé ó yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀. Ààtàn onítẹ́lẹ̀ ni mo pè é, torí ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ yẹn ló yà á sọ́tọ̀. Ibi tí kò bá ní ìtẹ́lẹ̀, ààtàn lásán ni, iye owó yòówù kí wọ́n ná sórí géètì rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì yóò mọ ohun tó yẹ kó bèèrè: èyí tí ẹ fẹ́ fẹ̀ yìí, ṣé ó ní ìtẹ́lẹ̀?

Fífẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. "Ìmúgbòòrò" ni wọ́n sábà máa ń kọ, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ètò ẹ̀kọ́ àti òwò tó ń tẹ̀ síwájú. Nígbà mìíràn, òkè ni wọ́n fẹ́ kó pàǹtí náà gùn, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní fẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: fífẹ ààtàn, tàbí kíkó pàǹtí lé pàǹtí.

Èyí tó fún mi níṣẹ́ jù ni omi dúdú tó ń ṣàn láti ìdí ààtàn. Ẹni tó bá ti gbé àpò pàǹtí ilé ìdáná ọjọ́ mẹ́ta, tí nǹkan tútù kán sí i lẹ́sẹ̀, ti rí i. Ṣùgbọ́n òjò ló ń sọ ọ́ di púpọ̀ ní ààtàn. Àwọn aláró mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á da omi lé e, omi á sì máa ro sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára eérú nínú rẹ̀. Bí òjò ṣe ń kọjá láàárín pàǹtí náà nìyẹn, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń gbé lọ sínú omi abẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ "omi tí ààtàn sẹ́", bí a ṣe ń sẹ́ ògì. Mo pa á rẹ́, torí ẹni tó bá kà á lè rò pé ààtàn ló ń sẹ́ omi náà pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Oje ààtàn ni mo gbà níkẹyìn. Àwọn kan ní oje dùn jù, pé oje ọsàn ló ń mú wá sọ́kàn. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n oje máa ń tinú ohun tó ni ín wá ni, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ "ààtàn" mọ́ ọn tí ẹnu rẹ̀ yóò dá itọ́.

Kìkì pé kí wọ́n fi àmì sí i. Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní àmì ohùn, tí oje àti òjé bá sì ti di ọ̀kan náà lójú ìwé, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Òjé gan-an wà lára ohun tí oje ààtàn lè gbé dénú kànga, bátìrì àtijọ́ sì ni ọ̀kan lára ibi tó ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ gáàsì kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Gáàsì ìdáná ni gáàsì lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà mo ń kọ gáàsì ààtàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ mẹ́téènì, tí í gba iná. Nígbà tí iná ran Olúṣòsùn ní March 2018, èéfín bo àdúgbò, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò àyíká, ìyẹn ìwé ẹnjiníà, tún máa ń ní apá kan tó sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ewu tí wọ́n rí. Nínú ìtúmọ̀ tó pọ̀, "àwọn ìgbésẹ̀ ìdènà" ni wọ́n pè é, èmi náà sì ti lò ó rí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà kò ṣèlérí pé òórùn, eṣinṣin àti oje kò ní dé ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní wọn yóò dín kù. Ẹni tó bá gbà nítorí ìdènà, tó wá rí ìdínkù ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ògbufọ̀ ló tàn án. Ìgbésẹ̀ ìdínkù ni kí a kọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "ìdínkù", ẹnìkan yóò béèrè pé: dín kù dé ibo? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú ìwé.

Lórí fọ́ọ̀mù tí ará ìlú ń kọ èrò wọn sí, wọ́n á kọ "àtakò" sí ibi tí ẹni tí kò fẹ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo ti rí bàbá kan tó fo ibẹ̀ torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní alátakò ìjọba. Nígbà tí mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ò fara mọ́ níbẹ̀?" ó sọ nǹkan mẹ́rin, kànga rẹ̀ ni àkọ́kọ́. "Ohun tí ẹ ò fara mọ́" ni mo ń kọ síbẹ̀ báyìí.

Bí wọ́n bá pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ ní kí wọ́n ka apá tó sọ̀rọ̀ omi kànga sókè ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé, bí ó bá tiẹ̀ gba gbogbo ọ̀sán.